Káàdì Lenormand tí mò ń yà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin: mo ti dé orí Àtẹ Ńlá

Gbogbo káàdì 36 tí mò ń yà láti máa fi wo ọ̀rọ̀ fún ènìyàn ti parí. Orí páálí ni mo lẹ̀ wọ́n mọ́, mo sì fi rúlà àti abẹ gé etí wọn kí wọ́n lè dọ́gba, torí bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju ìyókù lọ, ọwọ́ á ti mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá mi bọ̀: Marie-Anne Lenormand ni wọ́n fi sọ káàdì yìí lórúkọ, obìnrin tó ń wo káàdì fún àwọn ènìyàn ní Paris, tó kú ní 1843. Òun kọ́ ló ṣe é. Eré kan tí Johann Kaspar Hechtel ṣe jáde ní Nuremberg, ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1799, ni àwọn àwòrán náà ti wá. Wọ́n á tẹ́ káàdì ní ìlà mẹ́fà, mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n á máa ju dáìsì rìn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ikú ìyá náà ni àwọn òǹtẹ̀wé gbé orúkọ rẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, torí ó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ibi tí káàdì bọ́ sí ti ní ìtumọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi Akaba Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, rọ́pò àwòrán káàdì Ilé-ìṣọ́. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n inú ẹnubodè ni ènìyàn ń gbà kọjá. Ilé-ìṣọ́ a máa dá dúró, a máa ga. Ẹ̀mí gígùn, àṣẹ àti ìdáwà ni wọ́n ń kà sí i. Bí mo bá gbé ẹnubodè síbẹ̀, káàdì mìíràn ni mo ṣe yẹn, yóò sì máa bá káàdì Oríta du iṣẹ́, torí Oríta ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Mo fi amọ̀ pupa kun ògiri ilé-ìṣọ́ náà kí Kétu lè wà lára rẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀. Káàdì Béárì náà ṣì wà bó ṣe wà, bí kò tilẹ̀ sí béárì nínú igbó wa.

Káàdì Obìnrin, tó dúró fún obìnrin tí à ń kà fún, àti Ìkùukùu ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ibi tí Obìnrin kọjú sí ni ọjọ́ iwájú, ibi tó kẹ̀yìn sí ni ohun tó ti kọjá. Mo jẹ́ kó kọjú sí ọ̀tún. Ìkùukùu ní ìhà dúdú àti ìhà tó mọ́. Ẹni tí ìhà dúdú bá kọjú sí ni ọ̀rọ̀ rú lójú. Mo fi dúdú sí òsì. Ẹni tó bá ti jókòó ti bàbáláwo mọ̀ pé apá ọ̀tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà; Ifá ti là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Níbí, ẹni tó ya àwòrán ló ń pinnu ọ̀nà tí a ó gbà kà. N kò fi káàdì wé Ifá ju ibẹ̀ yẹn lọ. Odù 256 pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn kì í ṣe ohun tí a ń gé lára páálí.

Àtẹ Ńlá wàyí. Ìlà mẹ́rin, káàdì mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ló máa jáde, a kì í sì í dojú ìkankan dé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta ló sún mọ́ ẹni tí à ń kà fún, ta ló jìnnà sí i? Pósí tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, bó bá jìnnà, agbára rẹ̀ ti dínkù. Ajá tó bá wà nítòsí, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni a ó ka káàdì méjì tó fara kanra: Lẹ́tà tí Ọkàn tẹ̀lé jẹ́ lẹ́tà ìfẹ́, Lẹ́tà tí Pósí tẹ̀lé jẹ́ ìròyìn pé nǹkan kan ti dópin. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé. Láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè wá sísàlẹ̀ ni a ń ka ipò, ipò kọ̀ọ̀kan ló sì ní onílé: ipò 1 ni ti Ẹlẹ́ṣin, ipò 25 ni ti Òrùka, ipò 36 ni ti Àgbélébùú. Káàdì tó bá bọ́ síbẹ̀, àlejò ni, ohùn onílé á sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìfò ẹṣin, bí ẹṣin ṣe ń fò nínú chess, ìgbésẹ̀ méjì tààrà àti ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, ló gbẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ tẹ́ ẹ fún. Wọ́n fẹ́ bá ẹnì kan pawọ́ pọ̀ láti máa ra àgbàdo lọ sí Ìlárá, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà. Obìnrin bọ́ sí ipò 14, ilé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n la ojú sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn, Ìwé, tó jẹ́ ohun àṣírí. Níwájú wọn, Lẹ́tà. Ajá wà lókè orí wọn. Ṣùgbọ́n abẹ́ Lẹ́tà gan-an ni Ìkùukùu bọ́ sí, ní ipò 24, ìhà dúdú rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìròyìn á dé, kò ní mọ́ gaara. Ọkọ̀ Ojú Omi, tó ń sọ̀rọ̀ òwò àti ìrìn-àjò, wà ní kọ̀rọ̀, ipò 36, nínú ilé Àgbélébùú: èrè jìnnà, ó sì ní ẹrù tirẹ̀. Mo wá fo ìfò ẹṣin láti ipò 14, mo bá Kọ́kọ́rọ́ ní ipò 25, nínú ilé Òrùka tó jẹ́ ti àdéhùn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ kí ẹ tó kówó jáde. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti bi í.”

Ohun tí mo fẹ́ kí àtẹ máa ṣe nìyẹn. Kò pàṣẹ fún wọn, ó kàn gbé ọ̀rọ̀ síbi tí wọ́n ti lè rí i.

Mo ti ya fọ́tò àtẹ náà. Èyí tó kàn ni pé kí n fi ọ̀rá bo ojú káàdì kí òógùn ọwọ́ má ba àwọ̀ jẹ́, kí n sì gbìyànjú títẹ́ kejì, ìlà mẹ́rin tí káàdì mẹ́jọ-mẹ́jọ wà níbẹ̀ tí mẹ́rin tó ṣẹ́ kù wà nísàlẹ̀ bí ìdájọ́. Mo tún fẹ́ ya Obìnrin kejì tó kọjú sí òsì, kí n gbé e sí ipò 14 nínú àtẹ kan náà. Lẹ́tà á di ohun tó ti kọjá, Ìwé á sì bọ́ síwájú. Mo fẹ́ mọ èwo nínú ìmọ̀ràn tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi ló ṣì máa dúró.