Ọdún tí SUURU para dà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ìparí December báyìí ni mo máa ń jókòó kọ bí ọdún ṣe lọ, oṣù kan tẹ̀ lé èkejì, ohun tí mo rà, ibi tí mo dé, oníbàárà tó gbáṣọ lọ tí ò tíì sanwó. Tọdún yìí ò lè rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni mo ṣe ní April, mi ò lè sọ. June ńkọ́? Mo ṣáà mọ̀ pé mò ń jí, mò ń lọ ṣọ́ọ̀bù, mò ń ránṣọ, mò ń padà wálé. Ohun kan ṣoṣo ló gba gbogbo ọdún náà lọ́wọ́ mi, ẹja kan ni, inú gémù ló sì ń gbé.

Ẹ mọ Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ February náà, mi ò ní tún un sọ níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọkọ̀ wá sí Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí Màámi dá jókòó, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ san án fún yín. Ó tó báyẹn.

Ìparí March ni ìyàwó wa gbé páálí bàtà kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ìbàdí-àrán, mi ò mọ ohun tí màá ṣe sí èyí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín." Mo ṣí i, Game Boy Advance SP, ẹ̀rọ gémù àfọwọ́mú aláwọ̀ fàdákà yẹn ni, èyí tó ń ṣí bí ìwé, pẹ̀lú ṣájà tá a fi sẹ́lótéèpù wé wáyà ẹ̀ láyé àtijọ́, kásẹ́ẹ̀tì Pokémon Emerald (gémù téèyàn ti ń mú ẹranko, tó ń tọ́ wọn, tó sì ń fi wọ́n jagun) aláwọ̀ ewé tó ń hàn gbangba bí ìgò, àti gíráàfù búùkù kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya. Mo pa páálí náà dé, mo sì ní kí oníbàárà tó wà níwájú mi padà wá lọ́la.

December 2005 ni ọkọ Àǹtí wa gbé e bọ̀ láti London, October ọdún yẹn ni Emerald ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílẹ̀ Yúróòpù. Ibì kan ṣoṣo ni gémù yẹn ń tọ́jú eré sí, ẹnì kan ló lè ni ín, Bọ̀ọ̀dá mi sì lẹ̀gbọ́n, torí náà orúkọ wọn ló wọlé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa sàmì. Ẹja tí mò ń sọ yìí, Feebas lorúkọ ẹ̀. Odò gígùn kan wà ní Route 119 nílẹ̀ Hoenn inú gémù náà, ilẹ̀ tí àwọn Game Freak tó ṣe é fi erékùṣù Kyushu ní Japan ṣe àwòkọ́ ẹ̀, ojú omi téèyàn lè ju ìwọ̀ sí nínú odò yẹn lé ní 400, mẹ́fà péré ni Feebas ń gbé. Mẹ́fà! Tó o bá sì dúró síwájú ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn gan-an, ẹja mìíràn lè jẹ ìwọ̀ náà, kó o wá ṣí lọ síbòmíì láìmọ̀ pé o ti débẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ya gbogbo odò náà sínú gíráàfù búùkù, ojú gíráàfù kan fún ojú omi kan, wọ́n á ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí ò bá sí, wọ́n á ní "Fà á", èmi á fi bírò pupa fa X. Nẹ́pà á mú iná, a máa gbé e lọ sọ́dọ̀ oníbàábà tó ní jẹnẹrétọ̀, àá san ogún náírà, àá jókòó ti ṣájà kí wọ́n má bàa yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tó bọ́ sómi là ń wá, a sì rí i nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n wọlé sílé ìwé.

Kò lẹ́wà rárá. Ẹja aláwọ̀ ilẹ̀ tí lẹbẹ ẹ̀ ti ya, tó lanu sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi sọ ọ́ ní SUURU. Gémù ò mọ àmì ohùn, lẹ́tà ńlá lásán ni wọ́n sì fi kọ ọ́, àmọ́ gbogbo ilé wa ló mọ bá a ṣe ń pè é.

A bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni Splash, ìyẹn kó máa fò sókè sódò lójú kan, kò lè pa eṣinṣin. Ṣe la máa ń kọ́kọ́ gbé e jáde kó lè fojú kan ogun, ká tún yára pè é wọlé kí wọ́n tó lù ú, kí òun náà lè jẹ nínú experience ọjọ́ yẹn, ìrírí tó ń gbé level wọn ga. Ẹnì kan ní kíláàsì wọn ní tó bá di level 30 á para dà di ẹranko tó lágbára jù ú lọ, ẹlòmíì ní 40. Ó di 40, ẹja ṣì ni. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Wallace tó jẹ́ Champion, ọ̀gá tó lágbára jù nínú gémù náà, ẹranko ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Milotic tó wà ní level 58 ló kó gbogbo ẹgbẹ́ wa délẹ̀, gígùn bí òṣùmàrè, aláwọ̀ búlúù àti pupa níbi ìrù. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Bọ̀ọ̀dá mi ti káfè dé, tí wọ́n ń sáré bọ̀ láti géètì, wọ́n ní "Ìwọ, irú Milotic yẹn là ń bọ́ nílé láti ọjọ́ yìí, àkísà ló wọ̀!"

Feebas, o lè tọ́ ọ dé level 100, Feebas náà lá máa jẹ́, àfi tí ẹwà ẹ̀ bá dé 170 nínú 255, kó tún wá gun level kan lé e. Ohun tó ń fi kún ẹwà ni Pokéblock, bíi súìtì tí wọ́n ń fi èso lọ̀ ní ìlú Lilycove inú gémù náà, ti aláwọ̀ búlúù ló ń bá ẹwà lọ. Ibi tó ti le nìyí: gbogbo èyí tó bá jẹ, búlúù ni o, pupa ni o, ó ń mú kó máa dán, tí dídán yẹn bá sì ti kún, kò ní jẹun mọ́ láé. Tí ẹwà ò bá tíì pé 170 nígbà yẹn, ó parí nìyẹn. Àwa, nígbà tá a ò tíì mọ nǹkan kan, a ti fún un ní pupa àti yẹ́lò jẹ bí ẹni fún ẹja ní búrẹ́dì.

Lẹ́yìn yẹn Bọ̀ọ̀dá mi wọ Yunifásítì, mo rò pé gbogbo ẹ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí mo tan gémù náà ní March, ohun tó kọ́kọ́ kọ sójú ẹ̀ ni pé bátìrì inú kásẹ́ẹ̀tì ti kú, pé èèyàn ṣì lè ta á, àmọ́ ohunkóhun tó bá ń lo aago ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé èso ò ní hù mọ́. O lè gbìn ín, kó o bomi rin ín, kó o dúró tì í, bó ṣe wà náà lá wà. Mo wá ṣí àpò Pokéblock, mo ń retí pé òfo ló máa jẹ́. Mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn pátá, búlúù.

Ta ló ṣe é? Kì í ṣe ìgbà tá a wà lọ́mọdé, mi ò bá mọ̀. Mo bi ìyàwó wa. Ó ní nígbà tí wọ́n bí Màmá Kékeré ni, tí ọmọ ò kì í sùn lóru, Bọ̀ọ̀dá mi á gbé e sáyà, wọ́n á jókòó sórí àga pálọ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ méjèèjì ta gémù lẹ́yìn orí ọmọ, wọ́n á pa ohùn ẹ̀ kanlẹ̀. Ọdún 2017 nìyẹn. Ọdún yẹn náà ni mo wọ pálọ̀ kan náà lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, mo bá a lọ́wọ́ wọn, mo ní bàbá ọlọ́mọ wo ló ń ta gémù ọmọdé. Ojú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni mo ti sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pa á dé, wọn ò sì mú un jáde níwájú mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn títí...

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí Pokéblock.

Mẹ́rìnlá, kò sì sí ibi tí òmíì ti máa wá. Èèyàn ò lè rí iye tí ẹwà ẹ̀ jẹ́ gan-an, àwòrán onígun márùn-ún kan ló wà nínú PokéNav, ẹ̀rọ àyẹ̀wò inú gémù náà, wàá kàn máa wò ó bóyá igun ẹwà ti gùn sí i, wàá sì máa wo bó ṣe ń dán. Mo kọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, level tọ̀hún (agbára ẹ̀) àti feel tọ̀hún (dídán tó ń fi kún un), mo tò wọ́n kí èyí tí agbára ẹ̀ pọ̀ tí dídán ẹ̀ kéré lè ṣíwájú. Ibì kan wà tí mo ti dúpẹ́: nature SUURU, ìyẹn ìwà tí wọ́n dá mọ́ ọn, Modest ni, àwọn Modest fẹ́ràn adùn búlúù yẹn, ẹwà tó ń wọ̀ wọ́n lára máa ń lé díẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ Adamant tí ò fẹ́ràn ẹ̀ ni, mi ò bá má dán an wò.

Síbẹ̀ mi ò fún un ní nǹkan kan jẹ. Mo tò ó tán ní May, mo sì ń tan gémù náà lálẹ́, mo ń wo SUURU ní level 47, mo ń pa á. Oṣù mẹ́rin. Tó bá kọ̀ tí ò para dà, èmi ni mo bà á jẹ́. Tó bá sì para dà, ohun tó ṣẹ́ kù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí, ó ti parí náà nìyẹn. Mi ò mọ èwo ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àárín ìgbà yẹn ni Màmá Kékeré fúnra ẹ̀ tan án tó tẹ NEW GAME, ìgbà tí mo máa fi wọ yàrá, ó ti wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ Littleroot, ìlú tí gémù náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo já a gbà. Kò tíì save, torí náà ohun Bàbá ẹ̀ ò lọ, gémù náà sì máa ń kì èèyàn nílọ̀ kó tó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, àmọ́ ọwọ́ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ náà ò bínú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ẹ̀ ṣe fún un lóúnjẹ? Ebi ń pa á."

Sátidé kan ní September, òjò ń rọ̀, kò síná, mo gbé ọmọ náà sítòsí, a bẹ̀rẹ̀ sí í fún SUURU lóúnjẹ. Òun ló ń tẹ A. Ọ̀kan, èjì, ó ń jẹ ẹ́, igun yẹn ń gùn. Lórí ìkejìlá, ó ní òun ò jẹ mọ́. Mẹ́ta ló ṣẹ́ kù nínú àpò. Bóyá ó pé 170, bóyá ò pé, kò sí ẹni tó máa sọ fún mi, àfi kó gun level 48.

A gbé e lọ Victory Road, ibi ìjà kan nínú gémù náà. A ń gbé e jáde, à ń pè é wọlé, bíi ti àtijọ́. Ní ogun ìkẹfà, iná ara SP náà kúrò ní tútù, ó di pupa, ìyẹn ni pé bátìrì ti fẹ́ lọ, kò sì síná láti fi gba a. Ogun ìkeje ló gun 48. Ojú ẹ̀ dúdú, wọ́n kọ ọ́ pé SUURU fẹ́ para dà. Mo wo ọwọ́ ọmọ náà, àtàǹpàkò ẹ̀ wà lórí B gan-an, B yẹn ló sì ń dá ìparadà dúró! Mo ní "Yọwọ́!" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, SP náà sì já bọ́ sórí itan mi. Orí itan mi ló ti para dà. Ó funfun, ó ń kéré, ó ń tóbi, ó ń kéré, ó wá tóbi, kò sì kéré mọ́.

Milotic. Feebas, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo agbára ẹ̀ pọ̀, 200 ni, ti Milotic jẹ́ 540. Ọmọ náà figbe ta. Ìyàwó wa sáré wọlé, ẹ̀lùbọ́ kún ọwọ́ ẹ̀, Màámi tẹ̀ lé e, wọ́n ní ṣé kò sí o. Mo na SP náà sí wọn. Ìyàwó wa wò ó, ó ní, "Ó mà lẹ́wà o. Òun ni wọ́n ń wá lóru?" Ó wá padà sí kíṣìnì, àmàlà ọjọ́ yẹn sì pẹ́ kó tó dé. Mo ti save kí iná pupa yẹn tó kú.

Ẹnì kan sọ fún mi pé wàhálà yìí ò sí mọ́, pé láti ìgbà Pokémon Black àti White ní 2010, èèyàn kàn lè gbé ohun kan tó ń jẹ́ Prism Scale lé e lọ́wọ́ kó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, á para dà. Òótọ́ ni. Mo yọ̀ fún àwọn tó ń ta ìyẹn.

October àti November tún ti sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá Kékeré ń ṣí gíráàfù búùkù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó pè mí. Mi ò rí ojú ewé yẹn rí. Odò náà ni, Bọ̀ọ̀dá mi tún un yà, bírò dúdú, kò sí X pupa kankan. Wọ́n kọ 2017 sókè, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì kan sábẹ́ ẹ̀, wọ́n wá fi òbíríkítí yí ojú gíráàfù kan ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gémù yìí á ti mọ̀: ọ̀rọ̀ méjì tó bá wà lẹ́nu àwọn ará ìlú Dewford inú gémù náà ló ń pinnu ojú omi mẹ́fà yẹn, tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún bá yí, ojú omi náà á ṣí. A fò lọ Dewford. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn náà ni wọ́n ṣì ń sọ. Aago ti kú, kò sí ohun tó máa yí i. Mo tú gbogbo box wọn, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹranko pa mọ́ sí, kò sí Feebas kejì níbẹ̀, wọ́n wá ibẹ̀ rí, wọ́n sàmì sí i, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọmọ tó wà láyà wọn.

Ìwọ̀ kẹrin ló gbé e. Level 22. Màmá Kékeré ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, ó ní òun ṣì ń ronú. Ó fi pẹ́ńsù kọ 27 December sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2017 yẹn.

Pokéblock mẹ́ta ò lè tọ́ Feebas kejì. Èso gbọ́dọ̀ hù, kí èso tó hù aago gbọ́dọ̀ rìn, tí aago bá sì rìn, ọ̀rọ̀ Dewford á yí lọ́jọ́ kan, ojú omi tí wọ́n yí ká yẹn ò ní sí mọ́. Mo ti sọ fún ọmọ náà, ó ní "Àmọ́ a ti mú ẹja ibẹ̀, Àǹtí." Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe, tó mọ̀ ọ́n jó lẹ́ẹ̀dì dáadáa, wà ní àdúgbò ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti lọ bi í lẹ́ẹ̀mejì, eré inú Emerald ò sí lára bátìrì bíi ti Pokémon Gold àti Silver, chip tiẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀, kò yẹ kí nǹkan kan ṣe SUURU. Ó ní kí n mú un wá tí ọdún bá ti yí. Mo ti ra bátìrì náà, CR1616, ó wà nínú páálí bàtà, mi ò tíì já ọ̀rá ẹ̀.