Ẹ Mú Ayàwòrán Kan Ṣoṣo, Kí Ẹ Kà Á Tán

Ẹ̀yin àbúrò tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ́míìkì, ìyẹn ìtàn aláwòrán, ẹni tí ẹ bá fẹ́ jókòó tì fún oṣù kan, láìka ti ẹlòmíì mọ́ ọn, kó jẹ́ ẹni tó ń kọ ìtàn fúnra rẹ̀ tó sì ń yà á. Bí òǹkọ̀wé bá yàtọ̀ sí ayàwòrán, ẹ ò ní mọ ọwọ́ ẹni tí ẹ̀ ń kọ́. Nínú Fantastic Four, kọ́míìkì Amẹ́ríkà kan, Jack Kirby ló ń yà á, Stan Lee ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, ẹlòmíì ló tún ń fi tàdáwà tọ ìlà pẹ́ńsù. Bó bá jẹ́ Kirby gan-an lẹ̀ ń wá, ẹ mú New Gods, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971. Òun ló kọ ọ́, òun náà ló yà á.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Hergé ni mo máa ń yàn, ará Bẹ́ljíọ̀m tó dá Tintin, ìtàn ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn kan, sílẹ̀ ní 1929. Ìlà rẹ̀ mọ́, kì í fi òjìji bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ìwé Tintin 23 péré ló sì parí kó tó kú ní 1983. Síbẹ̀, ẹ má gbà pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni gbogbo rẹ̀: ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1950, àwọn bíi Bob de Moor sì ń bá a ya ilé àti ọkọ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìwé tó kọ́kọ́ jáde. Tintin in the Congo (1931) fi àwa aláwọ̀ dúdú ṣe yẹ̀yẹ́ burúkú. Ní 1946 tó tún un yà, ó sọ ẹ̀kọ́ nípa Bẹ́ljíọ̀m tí Tintin ń kọ́ àwọn ọmọ di ìṣirò, àmọ́ ojú àwọn èèyàn ibẹ̀ kò yí padà. Ẹ ó kà á, ṣùgbọ́n lẹ́yìn The Blue Lotus, ìwé Tintin tó lọ sí Ṣáínà, nígbà tí ẹ bá ti rí ohun tó lè ṣe. Lórí The Blue Lotus yìí, Zhang Chongren, ọmọ Ṣáínà tó bá a pàdé ní 1934, ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri Shanghai inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Ṣáínà gidi ni.

Ibi tí ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù ni The Black Island, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ló yà á: aláìláwọ̀ ní 1938, aláwọ̀ ní 1943, àti èyí tó jáde ní 1966 lẹ́yìn tí àwọn atẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ka àṣìṣe 131 jọ nípa bí ìlú wọn ṣe rí. Wọ́n rán de Moor lọ síbẹ̀ láti yàwòrán ohun tó bá rí. Ẹ wá ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tẹ́ ojú ewé kan náà sílẹ̀. Ti 1966 ló péye jù nínú ọkọ̀, aṣọ àti ilé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ti 1938 ló ń sáré jù. Ẹni tó ra ti 1966 nìkan, bó ṣe wọ́pọ̀, kò ní mọ̀ pé ohun kan sọnù.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú The Shooting Star. Lójoojúmọ́ ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn Le Soir ní 1941 sí 1942, ìlà àwòrán kan lọ́jọ́ kan. Ẹ wo àpótí (fírémù àwòrán) tó kẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan: ohun kan wà níbẹ̀ tó ń mú kí òǹkàwé padà lọ́la. Ẹ fi bébà bo ọ̀rọ̀ wọn, kí ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti há, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń gbé àwòrán. Ẹ tọ ojú ewé méjì sórí bébà tó ń fi ohun abẹ́ hàn, ìlà nìkan, láìkùn ún.

Ẹ fi The Castafiore Emerald (1963) parí. Kò sí ìrìnàjò, kò sí ọ̀daràn gidi, ilé kan ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó máa sú yín. Ìwé tí àwọn ẹlòmíì kọ nípa Hergé, ó dìgbà náà kí ẹ tó ṣí i.