Ìbọn ìléwọ́ wo ni kí n rà? Ìdáhùn mi fún ará Amẹ́ríkà àti ará Ìbàdàn

Látìgbà táwọn ará ilé ti mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìbọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí lórí wọ́ọ̀sáàpù. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà á ní bọ̀dá, èwo ni kí n rà, ṣé Glock ni (orúkọ písítù kan nìyẹn) àbí rìfọ́fà (èyí tí àgbá ọta ẹ̀ ń yí)? Àwọn tá a jọ wà n'Íbàdàn ńbí náà á bi mí ní kọ̀rọ̀, pàápàá táwọn adigunjalè bá ti ṣọṣẹ́ ládùúgbò, wọ́n á ní ṣé èèyàn ò lè rí kékeré kan rà sílé ni, ẹ wo bí ayé ṣe dà. Ìdáhùn mi fáwọn méjèèjì ò lè jọra láé, torí òfin tó ń darí ọ̀hún kọ́ ló ń darí ibí. Mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé mú un torí kò gùn. Ní Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́ ò sí lára èyí tí aráàlú lè lọ gba láísẹ́ǹsì ẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin ìbọn tá a ti ń lò látọdún 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní làwọn tí wọ́n kà léèwọ̀, ibẹ̀ ni rìfọ́fà àti písítù wà, wọ́n jọ kà wọ́n mọ́ máṣíìngọ́ọ̀nù, bọ́ǹbù àti ìbọn ṣọ́jà ni, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kẹ́nì kan ní in. Ìsọ̀rí kejì ni dọ́bù-bárẹ̀lì àtàwọn ìbọn ọdẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì ẹ̀, kódà ìbọn afẹ́fẹ́ táwọn kan fi ń yin ẹyẹ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Ẹ tún kíyè sí i pé ṣọ́tìgọ́ọ̀nù tó bá ti ní ẹ̀rọ tó ń ti ọta wọlé, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní pọ́ńpù ákíṣọ̀n, òfin yọ ọ́ kúrò nínú ìsọ̀rí kejì yẹn. Tí wọ́n bá ká ti ìsọ̀rí kìíní mọ́ ẹ lọ́wọ́ láìsí àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló kéré jù.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé ẹni tó bá yọ́ sọ fún ẹ pé òun ní ọ̀kan tóun fẹ́ tà, tó ní owó ẹ̀ ò wọ́n, ẹ̀wọ̀n ló ń tà fún ẹ. O ò mọ ibi tó ti wá, o ò mọ ẹni tí wọ́n ti fi pa, lọ́jọ́ tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ lo máa ṣàlàyé ohun tó o mọ̀ àtohun tó ò mọ̀ fáwọn ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́yẹlé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba èèyàn o, èmi náà Àpáta ni mò ń gbé, mi ò gbé ilé ìjọba. Àmọ́ owó tẹ́ ẹ fẹ́ kó fún oníbọn abẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ fi tún géètì ṣe, ẹ fi ra iná sólà tó ń tàn sójúde lóru, ẹ sì máa tètè san owó àwọn ọdẹ àdúgbò (àwa tá a máa ń jẹ àwọn bàbá yẹn lówó oṣù tá a tún fẹ́ kí wọ́n kú nítorí wa), kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àgbègbè yín sórí fóònù, ṣebí ìlú wa yìí náà làwọn gómìnà ti ṣí i ní January 2020. Ẹni tó bá sì ń rò pé ohun tóun bá tọ́jú sínú yàrá òun ò kan ẹnikẹ́ni, kó rántí Bódìjà ní January 2024, gbogbo wa la gbọ́ ìró ẹ̀, ohun abúgbàù tí wọ́n kó pa mọ́ sílé kan ṣoṣo ló wó ilé onílé rẹpẹtẹ.

Ó yá, ẹ̀yin ará òkè òkun.

Kẹ́ ẹ tó bi mí léèrè orúkọ ìbọn, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tẹ́ ẹ fi wọ̀lú. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú visa àlejò, visa akẹ́kọ̀ọ́ tàbí visa iṣẹ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ àtimú ìbọn tàbí ọta dání, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba láísẹ́ǹsì ọdẹ níbẹ̀. Kódà kó yá a ní réǹjì (ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn yíyìn kọ́ṣẹ́) kó yìn ín fún fàájì lásán, wàhálà ni. Ọmọ tó lọ kàwé tó wá ń gbé ìbọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ya fọ́tò sórí Instagram, ìwé ìgbélùú ara ẹ̀ ló fi ń ṣeré. Ẹni tó ní gíríìnkáàdì lè rà á. Ní ṣọ́ọ̀bù, o gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 21 kí wọ́n tó ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹ, wàá kọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 4473, wọ́n á sì yẹ orúkọ ẹ wò bóyá o lẹ́jọ́ lọ́rùn. Èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù jù fáwa ọmọ Yorùbá ni "jọ̀ọ́ bá mi ra kiní yẹn lórúkọ ẹ, màá fún ẹ lówó ẹ", nílé ńbí àánú lo ṣe fún ẹni yẹn, lọ́hùn-ún ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, ẹ̀wọ̀n sì ni.

Òfin tún yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ní Texas, láti September 2021, ẹni tó ti pé 21 tí òfin ò dè lè gbé ìbọn ìléwọ́ jáde láìgba láísẹ́ǹsì. Ní New York, láísẹ́ǹsì lo máa kọ́kọ́ gbà kó o tó ní in rárá. Nítorí náà ẹ má gba ìmọ̀ràn ará Houston tẹ́ ẹ bá ń gbé Brooklyn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston ló jẹ́ kí n rí bí yíyan ìbọn ṣe ń lọ gan-an. Òun àtàwọn ọmọ nìkan ló ń gbélé, ó ní òun fẹ́ èyí tó máa wà nílé tóun á tún lè máa fi najú ní réǹjì lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo lọ kí i la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní réǹjì lẹ́yìn (mo ṣáà ń wòran ni o, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, visa àlejò ni tèmi). Bí ọmọkùnrin tó ń tajà ṣe rí i pé obìnrin ni báyìí, rìfọ́fà tíńtínní kan aláwọ̀ píńkì ló gbé jáde, ó ní èyí ló dáa jù fún màmá. Màmá ta!

Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìbọn tó kéré tó sì fúyẹ́ kọ́ nìbọn tó rọrùn. Bí ọta ṣe ń jáde síwájú ni ìbọn ń ta sẹ́yìn, tí ìbọn bá wúwo díẹ̀, ara ìbọn á gbà nínú ẹ̀, tó bá fúyẹ́ báyìí ọwọ́ ẹ ni gbogbo ẹ̀ ń bọ̀ wá bá. Rìfọ́fà kékeré yẹn tún kúrú lẹ́nu, ohun tí wọ́n fi ń fojú sun nǹkan lórí ẹ̀ ò hàn dáadáa, tírígà ẹ̀ sì le fà, torí fífà kan ṣoṣo yẹn ló ń yí àgbá ọta, òun náà ló ń gbé òòlù sókè tó tún ń jẹ́ kó já lulẹ̀. Èyí tó dáa lára ẹ̀ ni pé kò ní wàhálà, ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń gbà, tí ọ̀kan ò bá dún, o kàn tún un fà, òmíràn á ti bọ́ síwájú. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n yìn dáadáa lè gbádùn ẹ̀. Olùbẹ̀rẹ̀ tó bá yìn ín díẹ̀, ọwọ́ á máa dùn ún, á gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ó di kò yìn ín mọ́ nìyẹn. Ìbọn téèyàn ò fi kọ́ṣẹ́ kì í gbèjà ẹni, èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe nílé yàtọ̀ sí pé ọmọ lè rí i.

Písítù ni ọ̀pọ̀ ń rà báyìí, èyí tí wọ́n ń ki magasíìnì (àpò irin tí ọta ń wà) sí nídìí. Glock 19 lẹnu gbogbo èèyàn mọ̀, ọdún 1988 ló jáde, ó ń gba ọta 15, kò tóbi jù kò kéré jù, mi ò ní bá a jà. Àwọn ọkùnrin wa á wá ní àwọn ò fẹ́ 9mm, .45 làwọn ń fẹ́, ìbọn ọkùnrin (bí ọta ṣe fẹ̀ tó làwọn nọ́ńbà yìí ń sọ, .45 fẹ̀ ju 9mm lọ). Ẹ̀yin ẹ jókòó. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fúnra wọn pa 9mm tì láyé ìjọ́sí, wọ́n lọ sórí .40 tó lágbára jù ú lọ, nígbà tó yá wọ́n tún padà sórí 9mm, torí ọta tuntun ti dáa ju tàtijọ́ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì ń tètè bá ohun tí wọ́n ń yìn pẹ̀lú ẹ̀. Ó tún rọjú ju .45 lọ, ìyẹn ni pé wàá lè yìn ín púpọ̀ láti fi kọ́ṣẹ́. Fún ẹni tó jẹ́ pé fàájì réǹjì ló gbà á lọ́kàn, .22 ni mo máa ní kó kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọta ẹ̀ ló pọ́ọ́kú jù, kì í ta ọwọ́ sẹ́yìn, èèyàn ò ní kọ́ àṣà fífara gbọ̀n kí tírígà tó já. Ṣùgbọ́n kò ní agbára tó fún ìgbèjà ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín.

Nígbà tí mo pe bàbá mi kékeré tó ń ṣọdẹ lọ́nà Ìdó, tí mo ní ẹ̀gbọ́n fẹ́ ra ìbọn, kò bèèrè orúkọ, kò bèèrè iye tó jẹ́. Ó ní, "Ṣé ó bá a lọ́wọ́ mu?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, torí ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwọn fídíò YouTube tí mo ti ń wò fi wákàtí wákàtí sọ ni bàbá yìí fi gbólóhùn kan kó. Kéèyàn ra ìbọn láìfọwọ́ dì í mú, bí ẹni tó rán agbádá láìwọn ara ni. Ẹ wò ó bóyá ìka ìfábẹ̀là yín dé orí tírígà dáadáa láìjẹ́ pé ẹ ń na ọwọ́, bóyá ìdìmú ẹ̀ kún ọwọ́, bóyá ẹ lè fa orí ìbọn (irin òkè písítù tí wọ́n ń fà kí ọta tó wọlé) sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹ ń gbé e ti ikùn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dá ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ọwọ́ ẹ̀ máa ń ro ó torí gbígbé aláìsàn, Glock tí gbogbo wa ń yìn yẹn, ó fà á tì.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ń fi ìbọn yáni, ẹ rántí èyí, owó ìyálò ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìbọn téèyàn rà tó wá kábàámọ̀ ẹ̀. Ó yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kígbe, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní èyí ò dáa, èyí ń bú mọ́ òun. Shield EZ ti Smith & Wesson ló padà mú, 9mm náà ni, orí ẹ̀ rọrùn fà, nǹkan kan sì wà lẹ́yìn ìdìmú ẹ̀ tó jẹ́ pé tọ́wọ́ ò bá dì í dáadáa, kò ní yìn. Ọta mẹ́jọ péré ni magasíìnì ẹ̀ ń gbà. Ọkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kékeré ni, ó yẹ kó gba ọlọ́ta 15. Kí bọ̀dá yẹn máa gba ti ẹ̀, a ò bá a dìbò.

Nǹkan míì tó yẹ kẹ́ ẹ rò ni ògiri. Búlọ́ọ̀kù la fi ń kọ́lé n'Íbàdàn, lọ́hùn-ún pákó àti pátákó funfun pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń pín yàrá, ọta lè la méjì mẹ́ta kọjá. Ọta orí róbótó tí wọ́n fi ń ṣeré ní réǹjì ló ń là á jù. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lórí máa ń fẹ̀ tó bá wọ ara, ìyẹn ni wọ́n ń kì fún ìgbèjà, ó sì wọ́n díẹ̀. Síbẹ̀ òun náà ń la ògiri, nítorí náà kẹ́ ẹ mọ ibi táwọn ọmọ ń sùn sí ṣe pàtàkì ju irú ọta lọ.

Ẹ fowó sílẹ̀ fún àpótí onínọ́ńbà tẹ́ ẹ máa tì í mọ́, fún ohun ìdíwọ́ etí àti awò ojú (ìró ìbọn ìléwọ́ kọjá 140 dB, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ó lè ba etí jẹ́ títí láé), kẹ́ ẹ sì lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́. Ohun tí wọ́n máa kọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn ọdẹ wa ti ń sọ tipẹ́: ka gbogbo ìbọn sí èyí tó ní ọta nínú, má na ẹnu ẹ̀ sí ohun tó ò fẹ́ pa, ìka ò gbọ́dọ̀ wà lórí tírígà títí wàá fi fẹ́ yìn ín, mọ ohun tó wà lẹ́yìn ohun tó ò ń wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bi mí síwájú sí i, ẹ kọ ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ wà, irú ìwé tẹ́ ẹ ní àti bóyá ọmọdé wà nílé, màá sọ èyí tí mo mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí ibi tí wọ́n ti ń tà á n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pè mí, mi ò ní gbé e.