Ọ̀la tó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Àárọ̀ yìí ni mo kọ lẹ́tà tá a fẹ́ fi sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé ìpàdé òní ti di ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn, mo bá kọ ọ́ pé the meeting has been procrastinated. Ọ̀gá wa kà á, wọ́n fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ yẹn po, wọ́n ní kí n wá.

"Ta ló sún ìpàdé náà?"

"Àwọn aláṣẹ ni, mà."

"Kí ló dé?"

"Alága ò sí nílùú, mà."

"Ó nídìí nìyẹn. Lọ wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa kó o tó pín ìwé yìí fún ẹnikẹ́ni."

Wọn ò pariwo mọ́ mi. Mo fi postponed rọ́pò rẹ̀, mo pín lẹ́tà náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, mo jókòó, mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè lórí fóònù.

Èèyàn ló ń procrastinate, ìpàdé ò lè ṣe é, a kì í sì í sábà fi àbọ̀, ìyẹn orúkọ ohun tí a ń sún, tẹ̀ lé e bí a ṣe ń ṣe fún postpone. Nǹkan tó tún ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ìdí. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tí ìrìnàjò fi di ọ̀la, postpone ni. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá dára, tí epo wà nínú rẹ̀, tó o mọ̀ pé ó yẹ kó o lọ, tó o wá jókòó tó o ní ó di ọ̀la, èyí gan-an ni procrastinate. Kò sóhun tó dí ọ lọ́nà. Ìwọ fúnra rẹ ni.

Mo wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Látìn ni, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Pro túmọ̀ sí síwájú, cras sì ni ọ̀la. Mo dúró lórí ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí pé ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la làwa náà ń pè é. Àwọn ará Róòmù àtàwọn baba wa ò jókòó pọ̀ rí, síbẹ̀ nígbà tí kálukú ń wá orúkọ tí yóò sọ àṣà yìí, ọ̀la ni wọ́n mú. Gẹ̀ẹ́sì ò ní àmì ohùn bíi tiwa, àmọ́ sílébù kan máa ń wà tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju ìyókù lọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, cras ni. Láti ilé ìwé ni mo ti ń tẹ pro. Mo pè é sókè bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá nínú ọ́fíìsì tó ṣófo: pro-CRAS-ti-nate. Ọ̀la yẹn ló ń dún jù.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ìbátan rẹ̀ kan tí wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lò mọ́, perendinate, ìyẹn kéèyàn sún nǹkan di ọ̀túnla. Perendie ni ọ̀túnla lédè Látìn. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ò ní ọ̀rọ̀ kan péré tí gbogbo ayé ń lò fún un, gbólóhùn gígùn ni wọ́n ń tò. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin mọ ọ̀túnla, ó mọ ìjẹta pẹ̀lú. Inú mi dùn gan-an sí èyí, mi ò lè fi pa mọ́.

Ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù ń gbà ka ọjọ́ tiẹ̀ jọ tiwa. Òní, àná, ìjẹta: ẹ̀ta pé torí pé a ka òní mọ́ ọn. Ọjà ọrún náà, ọjọ́ márùn-ún la ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin la ń ná an. Àwọn ará Róòmù ní ọjà tí wọ́n ń pè ní nundinae. Ẹ̀sán àti ọjọ́ ló wà nínú orúkọ náà, ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n sì ń ná an, nítorí pé wọ́n ka ọjọ́ ọjà tó kọjá mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ilé oníṣòwò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, irú ìṣirò yìí ò ṣàjèjì sí mi rárá.

Bí mo ṣe ń ro ọrún ni òwe yẹn wá sí mi lọ́kàn: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Mo máa ń rò pé ẹni tí ayé ń dùn fún ni wọ́n ń fi kìlọ̀ fún. Lónìí, èmi ló ń bá wí. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ òní sí ọ̀la ti gbà pé gbogbo nǹkan yóò dúró de òun níbi tí òun fi í sí.

Mo na ọwọ́ sínú báàgì kí n mú bírò kọ èyí sílẹ̀, ọwọ́ mi bá aṣọ ìnujú funfun. Awò ojú màámi ló wà nínú rẹ̀.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Apá ọ̀tún ló yọ. "Bá mi fún àwọn tó ń tún un ṣe ní Dùgbẹ̀, ojoojúmọ́ lo ń gbabẹ̀ kọjá." Owó wà lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ò jìnnà. Tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, mo á ní ó ti rẹ̀ mí, ó di ọ̀la. Wọn ò bi mí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo rí i bí wọ́n ṣe na ìwé orin jìnnà sójú tí wọ́n ń fún ojú pọ̀. Wọ́n pa á dé. Wọ́n kọ ẹsẹ méjì tí wọ́n mọ̀ sórí, nígbà tó kan ẹsẹ kẹta, ètè wọn ń mì, ohùn ò jáde.

Mo yà sí Dùgbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá tó ń tún un ṣe fi orí abẹ́rẹ́ mú nọ́ọ̀tì kan tí kò tó èérún ìrẹsì nínú ìdérí ìgò, ó kì í bọ ojú ihò, ó yí i, ó ṣí apá náà, ó pa á dé, ó nù ún. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo san owó, mo gba ọ̀dọ̀ màámi lọ tààrà.

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n fi awò náà sójú, wọ́n rọra tún un tẹ̀ síbi imú, wọ́n wá ní kí n bá àwọn gbé ìwé orin wá láti orí tábìlì. Wọn ò ka ẹsẹ kìíní. Ìka wọn sọ̀ kalẹ̀ lójú ìwé títí ó fi dé ẹsẹ kẹta.