Ọ̀nà Kubwa àti owó CAR-T

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mọ́tò wa fi kúrò ní Ìlọrin. Òmù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, Kàbà, awakọ̀ ò dúró rárá. Ó ní òun ò ní í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lọ́nà yìí, nítorí àwọn ajínigbé. Lọ́kọ́ja ló ti jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ jẹ ẹja yíyan. Ooru ibẹ̀! Ẹni tó bá débẹ̀ rí ló mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ la wọ Kubwa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Kubwa, ni mo fẹ́ sìn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lymphoma, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ló ń bá wọn fínra. Wọ́n gba kímò, ó lọ; kò pẹ́, ó tún dé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni dókítà náà. Ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CAR-T ló ṣàlàyé fún wa. "Bàbá, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yín gba inú ẹ̀rọ, wọ́n á ṣa sẹ́ẹ̀lì T tó ń bá àìsàn jà, wọ́n á dá ìyókù padà sí yín lára. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gba oró rẹ̀ ni wọ́n á fi gbé jíìnì tuntun wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, kó lè dá CD19 mọ̀, àmì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yẹn." Bí ìgbà tí ọdẹ jẹ́ kí ajá gbóòórùn aṣọ olè ni mo ṣe gbọ́ ọ. Tí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti pọ̀ sí i, wọ́n á fà á padà sí Bàbá lára.

"Kò ní í pa mí?"

Dókítà ò tàn wọ́n. Ibà líle lè dé, ìfúnpá lè já wálẹ̀. Ó dárúkọ Emily Whitehead, ọmọ ọdún 6 tó gbà á ní Philadelphia lọ́dún 2012: díẹ̀ ló kù kó kú, oògùn tocilizumab ló dá a dúró, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ò sì padà. Sẹ́ẹ̀lì B tó dáa, irú kan lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń gbèjà ara, náà ní CD19, wọ́n á bá ti jẹjẹrẹ lọ.

Ó wá ku owó. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Kymriah, irú ìtọ́jú CAR-T kan, lọ́dún 2017, 475,000 dọ́là ni.

Bàbá yọ awò ojú wọn. "Ta ni mo jí gbé?"

Nọ́ọ̀sì pàápàá rẹ́rìn-ín. Ni dókítà bá ní Íńdíà fọwọ́ sí tiwọn, NexCAR19, lọ́dún 2023. Yunifásítì IIT Bombay àti ilé ìwòsàn Tata Memorial ní Mumbai ló ṣe é, nǹkan bí 50,000 dọ́là nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Wọn ò jókòó dúró de ìgbà tí Amẹ́ríkà máa dín owó kù. Yunifásítì tiwa ńkọ́? Ìyanṣẹ́lódì.

Dókítà ti kọ lẹ́tà sí Mumbai. Ilẹ̀ Bàbá ní Lugbe la ń wá oníbàárà sí báyìí. Iye tí ẹni tó kọ́kọ́ wá ná an pè ò tó owó ọkọ̀ òfuurufú.