"Dad, sọ̀rọ̀ dáadáa"

Sátidé tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé, láti ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí ilé fi ń mì. Ẹ mọ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe máa ń gbọ̀n tí epo bá fẹ́ tán nínú ẹ̀? Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan ń han gooro nínú sípíkà lókè bí ẹni tí ilẹ̀kùn dánfó há lọ́wọ́. Mo gòkè, mo bá Délé ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó méjì lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń mi orí bí alágẹmọ. Mo ní, "Délé, jọ̀ọ́, dín in kù, orí ń fọ́ mi."

Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wò mí, ó wá fi èdè òyìnbó dá mi lóhùn pé: "Dad, sọ̀rọ̀ dáadáa."

Èmi. Ọmọ Àyàn, ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí bàbá mi ń fi igi àti awọ sọ̀rọ̀ tí ọba ń gbọ́. Bó bá jẹ́ ilé ni, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ì bá tẹ̀lé e. Ìpswich, nílẹ̀ England, la wà. Mo rọra ti ilẹ̀kùn padà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tí wọ́n ń gbọ́ yẹn, òyìnbó ni, èdè òyìnbó ló ń sọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń wí. Mo bi ẹnì kan níbi iṣẹ́ tí wọ́n bí síbí, ó ní òun náà ò gbọ́ kankan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ gbé tíì wá fún mi. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló rán an, nítorí ṣúgà pé. Kí n má baà máa wo ojú rẹ̀ lásán, mo bi í pé kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ gan-an. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ tí kì í dá mi lóhùn ju "fine" lọ, odidi wákàtí kan ló fi sọ̀rọ̀.

Cradle of Filth lorúkọ ẹgbẹ́ olórin náà. Suffolk wa níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Àwo náà ń jẹ́ Cruelty and the Beast, May 1998 ló jáde. (Ní May 1998, orí ìlà epo bẹntiróò ni èmi wà. Oṣù tó tẹ̀lé e ni Abacha kú.) Ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbogbo àwo náà sọ látòkè délẹ̀: ìtàn Elizabeth Báthory, obìnrin ọlọ́lá kan nílẹ̀ Hungary, tí wọ́n bí ní 1560. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń pa àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì tì í mọ́ ilé olódi rẹ̀ ní Čachtice, tó wà ní Slovakia lónìí, títí tó fi kú ní 1614. Àhesọ tó gbayì jù ni pé ẹ̀jẹ̀ wúńdíá ló fi ń wẹ̀ kí ara rẹ̀ lè máa dán. Ó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìyẹn sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ àtúnṣe nígbà tí ìtàn bá ti dùn?

Ìyá Délé ń kọjá lọ ló gbọ́ "ẹ̀jẹ̀." Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó sáré lọ gbé òróró. Dádì Délé, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tọ́mọ yín ń sọ ni? Mo ní mò ń gbọ́. Ó fi òróró ra ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi ra sípíkà, ó fi ra èmi náà.

Ó yà mí lẹ́nu pé ilé ìgbohùnsílẹ̀ UB40 ní Birmingham, DEP International, ni wọ́n ti gba ohùn àwo yìí sílẹ̀. UB40 yẹn náà, tí a fi ń jó ní gbogbo òde ìyàwó! Ògiri kan náà ló gbọ́ orin méjèèjì, kò sì wó.

Mo ní kó tún un fi sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, etí onílù ni mo fi gbọ́ ọ. Nicholas Barker ló ń lu ìlù. Ìlù ńlá méjì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jọ ń sáré débi pé eṣinṣin ò ní rí àyè bà láàárín ìró méjì. Nílé wa, gúdúgúdú ló ń sáré, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ti àwọn wọ̀nyí, gìtá méjì ń sáré, ìlù ń sáré, akọrin ń sáré. Mo ní, "Ta wá ni ìyáàlù?" Mo gbàgbé, Yorùbá ni mo fi bi í. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Keyboard." Òótọ́ ló sọ. Les Smith nìkan ló fi kíbọ́ọ̀dù ṣe fayolíìnì, ó ṣe dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ló ń gbé ìtàn lọ. Nínú orin kan tó gùn tó ìṣẹ́jú 11, tó pín sí mẹ́ta, ibi tí eré bá ti rọ̀ ni kíbọ́ọ̀dù máa ń yọ orí síta. Ohùn Ingrid Pitt, òṣèré tó ṣe ìtàn Báthory nínú fíìmù ní 1971, wà nínú àwo náà pẹ̀lú.

Mi ò purọ́, àwọn ọmọ yẹn mọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "sọ̀rọ̀ dáadáa" yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ta ló kọ́ ọ? Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n pè wá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé, wọ́n ní kò tètè sọ̀rọ̀, pé èdè méjì ló ń dà á láàmú, kí a máa sọ èdè òyìnbó nìkan nílé. A mi orí bí ẹni pé Ifá ló fọhùn. Láti ọjọ́ yẹn, òyìnbó ni mo fi ń kí ọmọ mi láàárọ̀. Yorùbá di ohun tó ń jábọ́ lẹ́nu mi bó bá ti rẹ̀ mí.

January 2021, bàbá mi kú. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Tí mo bá lọ, mi ò ní lè wọlé padà. Lọ́jọ́ fìdáù, àbúrò mi gbé fóònù sókè kí n lè rí wọn. Ìyáàlù ki bàbá mi, ó wá pe orúkọ mi. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dúró bí ìlù ṣe máa ń dúró kí èèyàn dáhùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dì, ẹnu àbúrò mi là sílẹ̀ lójú fóònù. Nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti ń jẹun. Délé jókòó tì mí, ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. Ó bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún, ṣebí kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo fi òyìnbó dá a lóhùn pé kò sí nǹkan.

Lọ́jọ́ Sunday, òun ló wá pè mí. Ó ní kí n gbọ́ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní, mo ní ìlù yìí ò láwọ, ó ń dún bí ẹni ń fi èékánná kan páànù. Èkejì kún, ó dúró lórí ilẹ̀. Ẹnu yà á. Ó ní ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń ráhùn sí ìlù àwo náà, òun ló mú kí wọ́n tún un pò ní 2019, ní Suffolk níbí. Báwo ni mo ṣe mọ̀?

Mo ní kó gbé ìlù oníná rẹ̀ wá. Mo fi igi lu èyí tó rinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo lu kékeré lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tún un lù. Ó ní, kí lẹ sọ? Mo ní orúkọ ẹ ni. Àyándélé. Kì í ṣe Dell, bí kọ̀ǹpútà.

Ó gba igi lọ́wọ́ mi. Ó lù ú, ó ṣìṣe. Ó lù ú, ó gbà á. Lẹ́yìn náà ló ki eré mọ́ ọn, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, Àyán-délé-Àyán-délé-Àyán-délé, bí Àyàn tí ọlọ́pàá ń lé bọ̀ wálé, títí tí aládùúgbò fi ń kan ògiri.