Ẹ fi yáàdì sílẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ yín ni kí ẹ máa kà

Ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi nílé wa ní Texas. Inú rẹ̀ ni mo máa ń kọ iye yáàdì tí ọmọ mi bá sá sí ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó ń gbá American football fún high school rẹ̀, tó jẹ́ running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá. 187. 212. 164. Bí mo bá ti dé láti pápá, mi ò ní tíì bọ́ bàtà tí màá fi kọ ọ́. Màá ya fọ́tò ojú ìwé yẹn, màá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ yáàdì nínú eré yìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí i pé nọ́ńbà ń ga sí i, àdúrà ni wọ́n máa fi dá mi lóhùn.

Ohun tí mi ò kọ sínú ìwé yẹn rí ni iye ìgbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń sọ pé òun fẹ́ fi running back ṣiṣẹ́ jẹun.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: quarterback, ẹni tó ń darí eré, á gbé bọ́ọ̀lù lé running back lọ́wọ́, òun á sì kó wọ àárín àwọn ọkùnrin tí òmíràn nínú wọn wọ̀n ju 130 kílò lọ. Bó sá yáàdì méjì, wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀. Bó sá yáàdì ọgbọ̀n, wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀. Yáàdì lè yàtọ̀, ilẹ̀ tó ń gbà á kò yàtọ̀. Ọdún tí ọmọ mi lò kẹ́yìn ní high school, alẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà ọgbọ̀n ni wọ́n gbé e fún un. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ borí, ọmọ mi ló sì ń bá a borí. Èmi gan-an ni mò ń bínú lórí ìjókòó bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan tó jẹ́ tiwa. London ni wọ́n bí Jay Ajayi sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Texas níbí ló sì ti parí high school. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, mo dìde, mo kì í: Àjàyí Ògídí Olú, oníkànga à-jí-pọn. Iṣan orúnkún rẹ̀ ti já lọ́dún 2011 ní yunifásítì Boise State. Lọ́dún 2014, ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà gbé bọ́ọ̀lù fún un ní ìgbà 347, ó sì sá 1,823 yáàdì. Èmi yáàdì ni mo rí. Àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń fi eré yìí jẹun, orúnkún ni wọ́n rí: nínú draft 2015, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan ọmọ tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ipò 149 ni Miami ti tó mú un. Lọ́dún 2016 ó sá 1,272 yáàdì, ó ju 200 lọ nínú ìdíje mẹ́ta. Wọ́n gbé e lọ sí Philadelphia lóṣù Kẹwàá 2017, ó gba Super Bowl, àṣekágbá NFL, pẹ̀lú wọn lóṣù Kejì 2018. Lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, iṣan orúnkún já. Ó padà wá gbá ìdíje mẹ́ta lọ́dún 2019, ó parí. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tí orúnkún yẹn lọ. Mo yangàn nípa rẹ̀ títí dòní, òrùka Super Bowl rẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ọdún 25 ni ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ojú mi là, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo tàwọn ẹlòmíràn. Denver gbé bọ́ọ̀lù fún Terrell Davis ní ìgbà 392 lọ́dún 1998, ó sá 2,008 yáàdì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdíje kẹrin ni orúnkún rẹ̀ já. Kansas City gbé e fún Larry Johnson ní ìgbà 416 lọ́dún 2006, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé jù nínú sáà kan. Lọ́dún 2007, ìdíje mẹ́jọ péré ló gbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. DeMarco Murray ní Dallas lọ́dún 2014: ìgbà 392, yáàdì 1,845. Lọ́dún kejì, lẹ́gbẹ́ mìíràn, yáàdì 702.

Frank Gore ńkọ́? Orúnkún méjèèjì ló já ní yunifásítì, síbẹ̀ ó lo sáà 16, ó sá ju 16,000 yáàdì lọ. Mi ò sọ pé ìṣirò mi kì í tàsé, Ọlọ́run ló mọ bó ṣe dá ara oníkálukú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúnkún ọmọ yín ta tẹ́tẹ́ pé Frank Gore lẹ bí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ni bí owó ṣe ń lọ. Ọmọ kan kò lè wọ draft àfi tó bá ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kúrò ní high school. Bí wọ́n bá mú un, ọdún mẹ́rin ni yóò tọwọ́ bọ̀wé fún, wọn kò sì lè tún owó rẹ̀ dá kí sáà mẹ́ta tó kọjá. Nígbà tí yóò fi tó àkókò owó gidi, ẹsẹ̀ tó dára jù ti lọ. Èyí tí wọn ò mú, bíi tèmi, àdéhùn ọdún mẹ́ta ni, wọ́n sì lè ní kó máa lọ lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Ẹgbẹ́ kan pe ọmọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí draft parí, ilé wa kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Practice squad, àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ ṣe ìdánrawò láìgbá ìdíje, ló fi sáà àkọ́kọ́ ṣe. Ní sáà kejì wọ́n gbé e wọlé, gbogbo bọ́ọ̀lù tó fọwọ́ kàn nínú ìdíje NFL kò ju mọ́kànlá lọ. Nígbà ìgbaradì sáà kẹta, iṣan orúnkún já láìsí ẹni tó fara kàn án, ibi tó ti fẹ́ yí ẹsẹ̀ ni. Sáà mẹ́ta ni èèyàn gbọ́dọ̀ pé kí owó ìfẹ̀yìntì wọn tó tọ́ sí i. Kò pé e.

Torí náà, bí ọmọ yín bá ṣì kéré, ẹ lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ bi í pé ta ni running back kejì, ìgbà mélòó ló sì ń gbé e fún un. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù, àti bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo quarterback. James White lo sáà mẹ́jọ ní New England, kò sí sáà kan tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un tó ìgbà 100, ṣùgbọ́n nínú Super Bowl oṣù Kejì 2017, ìgbà 14 ló gba èyí tí wọ́n jù sí i. Kí ó parí ìwé rẹ̀ ní yunifásítì. Tèmi parí tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ló dúró lórí ìyẹn, kì í ṣe èmi, ìwé yẹn ló sì ń bọ́ ọ báyìí.

Dókítà tó tún orúnkún náà ṣe bi í pé ìgbà mélòó ló ti gbé bọ́ọ̀lù láti kékeré. A wo ara wa. Mo délé, mo mú ìwé aláwọ̀ ewé jáde, yáàdì ló kún inú rẹ̀. Mo wá fídíò àwọn ìdíje ọdún tó lò kẹ́yìn ní high school, mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, mo ń fi bírò fa ìlà kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi kà á. Ó pé 318.

Ọmọ mi fi igi ìtilẹ̀ rìn wá sí pálọ̀, ó wo àwọn ìlà tí mo fà, ó wo fídíò díẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ ò ka àwọn èyí tí réfírì wọ́gi lé."